Tákàdá Méjì Ni Málàm Garba Mú Wá

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣeé fi jẹun, ẹ má wulẹ̀ bi mí nípa owó oṣù. Wọ́n san án, mo ná an, ó tán. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò sì gùn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Mo wá sin ilẹ̀ baba wa ní Sókótó lọ́dún tí àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá. Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lọ́dọ̀ ní ọwọ́ mi yá, ó bi mí bóyá n ó dúró, mo ní n ó dúró. Ó parí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣe sẹnd-ọ́ọ̀fù fún mi, wọ́n ní n kò ní àbàwọ́n, mo sì jókòó síbẹ̀, mo ń mi orí bí ẹni tó gbà. Irọ́ ni. Mo ní àbàwọ́n kan, ó sì tóbi. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àgbà bíi tèmi, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ èyí fún yín, kí ni mo wá fẹ́ sọ? Bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnì? Ẹ̀yin gan-an mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù mí lọ.

Ọ́fíìsì wa kò ju yàrá mẹ́ta lọ. A ń bá àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn to orúkọ tó bá pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ tò lọ: orúkọ olùkọ́, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ àwọn tó ń lọ Mẹ́kà. Yàrá ẹ̀rọ nìkan ló tutù. Nígbà ooru, nígbà tí ilẹ̀ Tudun Wada tí mò ń gbé bá ń jó ni lẹ́sẹ̀ láti inú bàtà, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tó máa ń wá wí àwáwí kí wọ́n lè dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọ̀gá mi ni Ọ̀gbẹ́ni Adébánjọ, ará Ìjẹ̀bú, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Káàdì ni a ń lò nígbà náà, páálí pẹlẹbẹ tí a ń lu ihò sí, káàdì kan fún orúkọ kan. Lọ́jọ́ kan àpótí káàdì bọ́ lọ́wọ́ mi, gbogbo rẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀. Ọ̀gá kò pariwo. Ó gbé àga, ó jókòó tì mí, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ṣà wọ́n, tí mo sì ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ṣé orúnkún ń dùn ẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní, "Ó dáa. Orúnkún ló máa bá ẹ rántí."

Èyí tó le jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni àbọ̀. Ó rán mi lọ fún ilé iṣẹ́ kan ní lẹ́tà lápá Gawon Nama. Mo lọ, mo fún wọn, mo padà, mo jókòó sídìí iṣẹ́ mi. Nígbà tó tó wákàtí kan, ó pè mí.

"Kọ́lá, lẹ́tà yẹn ńkọ́?"

"Mo ti fún wọn, sà."

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi, sà."

"Ṣé ìwọ lo rán ara ẹ ni? Jáde. Padà wọlé, kí o wá jábọ̀."

Mo jáde, mo kan ilẹ̀kùn bí àlejò, mo wọlé. Mo ní mo lọ, mo bá akọ̀wé wọn, ó gba lẹ́tà, ó ní kí n kí Ọ̀gá. Ìgbà náà ló tó gbójú sókè. Ó ní, "Nísinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán ẹ. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Iṣẹ́ tí o kò bá jábọ̀ rẹ̀, o kò tíì jẹ́ ẹ." Inú bí mi dọ́ba. Mo délé, mo ń ṣàròyé fún àwọn tí a jọ ń gbé pé bàbá Ìjẹ̀bú yìí fẹ́ sọ mí di ọmọ ọ̀dọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tí Ọ̀gá kò ní láti kọ́ ní àbọ̀ jíjẹ́ ni Málàm Garba, mẹ́sẹ́ńjà wa. Ará Kofar Marke ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kẹ̀kẹ́ dúdú kan ló ń gùn. Kò mọ ìwé Òyìnbó kà, Kùráánì ló ń kà. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, bó bá padà dé, yóò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, yóò wọlé, yóò ní, "Ọ̀gá, na je, na dawo." Mo lọ, mo bọ̀, nìyẹn. Lẹ́yìn náà yóò wá ro gbogbo rẹ̀: ta ló gba ìwé, ọwọ́ wo ló fi gbà á, kí ló sọ, bí táyà bá jò lọ́nà, bí ẹran bá dí títì. Ọ̀gá á máa gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Àwa ọ̀dọ́ á máa fi ẹnu sín in jẹ lẹ́yìn. Bó ti wù kó rí, Málàm Garba yìí ló kọ́ mi ní Hausa tí mò ń sọ dòní. Bí ooru bá mú, á bu fùrá, ọkà pípò mọ́ wàrà, tí ìyàwó rẹ̀ ṣe, á gbé e sórí tábìlì mi láìsọ nǹkankan. N kò ní bàbá ní Sókótó, òun ni mo fi ṣe é.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà ti padà dé orí àlééfà, ẹ̀rọ tuntun dé. Unix ni orúkọ ètò tó ń darí rẹ̀. Káàdì wa di ohun ìdáná, àwọn obìnrin tó ń dín kúlíkúlì ló kó wọn lọ. Wàyí o, èèyàn á jókòó síwájú gíláàsì tó ń tàn, á tẹ àṣẹ, ẹ̀rọ á dáhùn. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé o lè rán an níṣẹ́ sẹ́yìn. Bí o bá tẹ àṣẹ tó máa pẹ́, tí o fi àmì yìí, &, sí ìdí rẹ̀, ẹ̀rọ á gbé iṣẹ́ náà lọ sẹ́yìn, á fún ọ ní nọ́ńbà rẹ̀, ojú gíláàsì á sì ṣí sílẹ̀ fún ọ kí o máa bá nǹkan mìíràn lọ. Ọmọ tí kò fẹ́ràn àtidúró ni mí, ẹ̀rọ yìí sì bá mi lára mu.

Ọ̀gá lọ kọ́ ọ ní Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó dé, ó pè mí jókòó.

"Kọ́lá, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ yìí bá ṣe, ó ń jábọ̀. Nọ́ńbà ló fi ń jẹ́ ẹ. Òdo, àlàáfíà ni. Ohun tí kò bá ti jẹ́ òdo, wàhálà wà. Bí o bá fẹ́ gbọ́ ọ, béèrè báyìí." Ó tẹ àṣẹ kan tó ní àmì dọ́là àti àmì ìbéèrè nínú, $?, òdo sì jáde. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí o bá rán sẹ́yìn, má béèrè àbọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òdo ló máa sọ fún ẹ, gbogbo ìgbà. Kì í ṣe òdo iṣẹ́ náà. Òdo ẹni tó rán an lọ ni."

Ó rí i pé kò yé mi.

"Bí mo bá ní kí ìyàwó mi rán ọmọ lọ ra iyọ̀, tí mo bi í lójú ẹsẹ̀ pé ṣé ó ti ṣe é, á ní òun ti ṣe é, ọmọ ti lọ. Ṣé iyọ̀ ti dé?"

"Rárá, sà."

"Ẹ̀ẹ́n. Torí náà, gba nọ́ńbà iṣẹ́ yẹn, tẹ wait, kí o fi nọ́ńbà náà tì í, kí o sì dúró. Bí iṣẹ́ bá parí, ibẹ̀ ni yóò ti gba àbọ̀ rẹ̀ fún ẹ. Ìgbà yẹn ni kí o tó béèrè. Ṣé ó yé ẹ?"

Mo ní ó yé mi. Ó yé mi lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù, nítorí ẹni tí kò bá mọ nǹkan, a lè ṣàánú rẹ̀.

Lọ́dún kejì tí ẹ̀rọ náà dé ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìgbà òjò ni, àkókò àtilọ Mẹ́kà sì ti tó. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò náà ti fi orúkọ tó pọ̀ ránṣẹ́ sí wa, a ti tò ó sínú ẹ̀rọ. Ìwé tí a bá tẹ̀ jáde ni wọ́n máa fi pe èèyàn ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ilé ló ń lọ.

Málàm Garba wà lára àwọn tó ń lọ lọ́dún yẹn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń tu owó jọ, tí wọ́n sì ń sọ fún un pé kó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Nígbà tí wọ́n wá gbà fún un, kò fi ayọ̀ náà pariwo, ṣùgbọ́n ó ń fọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn tó ń lọ Mẹ́kà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ èèyàn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti tọrọ àforíjìn, nítorí a kì í ru ẹ̀ṣẹ̀ ọmọnìkejì ẹni dé ibẹ̀. Ó dé ìdí tábìlì mi. Ó ní, "Málàm Kola, ohunkóhun tí mo bá ti fi ṣẹ̀ ẹ́, ka yafe mini." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni wọ́n lè ti fi ṣẹ̀ mí, fùrá ni àbí Hausa tí wọ́n kọ́ mi? Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní, "Na yafe, mo forí jì yín." Ó ní, "Èmi náà forí jì ẹ́, èyí tó ti kọjá àti èyí tí n kò tíì mọ̀." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà lásán ni.

Lọ́jọ́ Jimọ̀ kan, wọ́n ní àfikún orúkọ wà. Málàm Garba ló lọ gbà á. Nígbà tó dé, ó bọ́ bàtà, ó dúró, ó jábọ̀ fún Ọ̀gá lójú mi. Ó ní òun lọ, òun bọ̀, akọ̀wé wọn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún òun ní fáìlì. Ó ní nígbà tí òun dé Gawon Nama, afẹ́fẹ́ òjò kan dìde, fáìlì fẹ́ ṣí, ni òun bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, òun fi fáìlì mọ́ àyà títí afẹ́fẹ́ fi lọ. Ọ̀gá ní ó ṣeun. Ó gbé fáìlì lé mi lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ṣí i. Tákàdá méjì ló wà nínú rẹ̀. Orúkọ Málàm Garba wà lórí ìkejì, òun ni ìkarùn-ún nínú orúkọ méje.

Mo tẹ orúkọ inú tákàdá kìíní sínú ẹ̀rọ, mo pa á pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀, mo dúró, mo béèrè àbọ̀, òdo ni. Mo tẹ ti ìkejì. Ìgbà yẹn, aago mọ́kànlá ti kọjá. Ará ìlú mi kan ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ wọn fẹ́ gbéra ní aago méjìlá, mo sì ti ra bàtà awọ kan tó dáa tí mo fẹ́ fi rán an sí ìyá mi. Mo wo gíláàsì. Orúkọ méje péré. Mo rán iṣẹ́ àtipa wọ́n pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn, mo fi & sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ fún mi ní nọ́ńbà. N kò tẹ wait. Mo béèrè àbọ̀ lójú ẹsẹ̀, òdo jáde, mo sì sọ fún ara mi pé òdo ni òdo ń jẹ́. Mo gbé bàtà, mo sáré jáde.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àyè ti tán nínú dísíìkì. Ọ̀gá ti ń sọ fún mi láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pé kí n kó àwọn orúkọ ọdún tó kọjá kúrò, mo ní n ó kó o, n kò kó o. Iṣẹ́ tí mo rán sẹ́yìn dé ìdajì ọ̀nà, kò ríbi gbé ẹsẹ̀ lé, ó kú. Ó jọ pé ó ké sí mi lójú gíláàsì, ṣùgbọ́n àga mi ti ṣófo. Orúkọ méje náà kò wọlé. Lọ́jọ́ kejì mo tẹ ìwé náà jáde láìyẹ̀ ẹ́ wò, mo dì í, mo gbé e fún Málàm Garba. Òun fúnra rẹ̀ ló fi kẹ̀kẹ́ gbé ìwé tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ lọ fún wọn. Ó padà dé, ó bọ́ bàtà. Na je, na dawo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń lọ. Gbogbo Kofar Marke ló sìn ín jáde láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbọ́ ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbójú sókè, Málàm Garba ni, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, pẹ̀lú báàgì kékeré lábẹ́ apá. Ó wọlé lọ bá Ọ̀gá, ó dúró gbọnyin. Ó ní, "Ọ̀gá, na je, na dawo. Wọ́n pe orúkọ gbogbo èèyàn. Wọn kò pe tèmi."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí ìbànújẹ́ láyé mi, mo ti sìnkú òbí méjèèjì. N kò tíì rí ohun tó dà bí ọkùnrin yẹn nínú aṣọ funfun, tó ń jábọ̀.

Ọ̀gá bọ́ sídìí tẹlifóònù. Èmi yọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ. Mo tún iṣẹ́ náà rán, mo tẹ wait lọ́tẹ̀ yìí, mo fi nọ́ńbà rẹ̀ tì í, mo dúró. Kò pẹ́ rárá. Mo béèrè. Kì í ṣe òdo ló jáde, ọ̀kan ni. Mo mọ ohun tí mo ti ṣe kí ìka mi tó kúrò lórí bọ́tìnì. Mo mú tákàdá kejì lórí tábìlì, mo tì í sínú dúrọ́ọ̀, mo fi orúnkún ti dúrọ́ọ̀ náà pa.

Ọ̀gá jáde wá, Málàm Garba ń tẹ̀ lé e.

"Kọ́lá, wọ́n ní tákàdá méjì làwọn fi rán Málàm. Mélòó lo rí nínú fáìlì?"

Àyè wà láti sọ méjì nígbà náà. Bí mo bá sọ ọ́, wọn ì bá bú mi, bóyá wọn ì bá lé mi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú ìkẹyìn ṣì kù, ọ̀gá mi mọ ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀. Mo ro gbogbo ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni tó ń purọ́ kò rí àyè ronú.

"Ọ̀kan ni, sà."

"Ṣé o gba àbọ̀ iṣẹ́ náà?"

"Mo gbà á, sà. Òdo ni."

Ọ̀gá wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Málàm Garba. Ọkùnrin náà tẹ́wọ́, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Bí Málàm Kola bá ní ọ̀kan ni, ọ̀kan ni. Kì í purọ́."

Ó yẹ kí ilẹ̀ ya. Kò ya, n kò sì dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé Ọ̀gá tún máa béèrè nǹkan, ni mo bá fi ẹnu ara mi sọ pé, "Àbí afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn ni, sà? Èyí tí wọ́n ní ó fẹ́ ṣí fáìlì."

Ẹni tó jábọ̀ tó pé, tó sọ ti afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bi í, àbọ̀ rẹ̀ ni mo fi dè é. Málàm Garba gbé ọwọ́ lé orí. Ó ní, "Ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́. N kò mọ ìwé yín, n kò kà á."

Àwọn mẹ́fà yòókù rí ẹni bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n bá ọkọ̀ ìkẹyìn lọ. Málàm Garba kò ní ẹnìkan, Ọ̀gá náà kò sì rí ẹnu fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ní ó gbé ìwé sọnù. Ẹni tó yẹ kó bá a sọ̀rọ̀ ló fi orúnkún ti dúrọ́ọ̀ pa. Wọ́n gba iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í sídìí géètì. Wọ́n dá owó rẹ̀ padà, ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn lọ́dún náà, owó náà lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Kò lọ Mẹ́kà mọ́. Ní Kofar Marke, àwọn èèyàn ń sọ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló gbé orúkọ ara rẹ̀ sọnù, pé bóyá Ọlọ́run ló kọ̀ fún un. Ní àràárọ̀, bí mo bá ń wọlé, á dìde lórí àpótí rẹ̀, á kí mi, á béèrè ara ilé. Fùrá kò dúró. Ọdún mẹ́rin ni mo fi mu fùrá ọkùnrin yẹn. Ìyá mi sì wọ bàtà awọ náà títí ó fi gbó, ó ń fi mí yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá lọ sílé, n kì í lè wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ̀rù ló bà mí. Lọ́dún kìíní, ìtìjú ni. Lẹ́yìn náà, ó di pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n máa bi mí ibi tí mo wà láti ìgbà náà. Irọ́ kì í dúró sójú kan, ó máa ń bímọ.

Iṣẹ́ ń yí padà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ tó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù di èyí tó ń gbé orí tábìlì, nígbà tó yá ó di èyí tó ń wọ báàgì. Wọ́n sọ mí di ọ̀gá. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ń pè mí ní Bàbá Wait lẹ́yìn, wọ́n rò pé n kò gbọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sẹ́yìn, mo ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n dúró dè é, kí wọ́n béèrè àbọ̀ ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní mo le. Wọn kò mọ ẹni tí mò ń bá jà.

Ọ̀gá Adébánjọ ti fẹ̀yìn tì lọ sí Ìjẹ̀bú kí n tó rí ìgboyà. Mo kọ lẹ́tà sí i, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò fèsì. N kò mọ̀ bóyá ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ó kà á tó sì fi í sílẹ̀. Ó ti kú báyìí. Àbọ̀ kan nìyẹn tí n kò ní rí gbà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ọdún kẹrin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí Kàdúná. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Nígbà tí mo kan dúrọ́ọ̀, tákàdá kejì ṣì wà níbẹ̀. N kò mọ ìdí tí n kò fi ya á. Mo mú un sápò, mo gun ọ̀kadà lọ sí Kofar Marke lẹ́yìn ìrun àsárì.

Málàm Garba jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ohùn mi ló fi mọ̀ mí. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n jókòó, n kò jókòó. Mo sọ fún un. Mo sọ ti bàtà, ti àmì tí mo fi sí ìdí àṣẹ, ti òdo, ti dúrọ́ọ̀, ti afẹ́fẹ́. Mo fi tákàdá náà lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka pa á lójú láti òkè dé ilẹ̀.

"Kà á fún mi," ló wí.

Mo ka orúkọ méjèèje. Ó ní kí n tún ìkarùn-ún kà. Mo tún un kà.

Ó tún fi ìka wá ìlà náà lórí tákàdá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá fún mi ní nǹkan mú dání, mo máa ń kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Iyọ̀ ìyàwó mi pàápàá. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ń jí nǹkan mi."

Mo ń sunkún. Mo ní kí wọ́n forí jì mí.

Ó ní, "Mo ti forí jì ẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣé o kò rántí ni? Èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò tíì mọ̀. N kò lè gbà á padà." Ó nàka sí abẹ́ igi dógóyárò tó wà lódìkejì títì, níbi tí àwọn àgbà àdúgbò jókòó sí. "Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ò tíì mọ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Lọ sọ fún wọn. N ó dúró dè ẹ́ níbí."

Títì yẹn kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà ogún lọ. Mo dé abẹ́ igi, mo kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n ń wo omijé lójú mi. Mo fi Hausa tí Málàm Garba kọ́ mi sọ fún wọn pé tákàdá méjì ló mú wá lọ́jọ́ náà, pé méjèèjì ló dé pé. Àgbà kan bi mí pé ta ló wá gbé e sọnù. Mo ní, "Ni ne." Èmi ni. Ẹnì kan pòṣé. Ẹnì kan kọ ẹ̀yìn sí mi. Àgbà tó béèrè náà bọ́ fìlà, ó fi nu ojú, ó ní, "A ti ṣẹ Garba."

Mo sọdá padà. Málàm Garba ṣì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, tákàdá wà lórí itan rẹ̀, ó kọ etí sí ọ̀nà tí mo máa gbà bọ̀. Mo bọ́ bàtà mi. Mo dúró níwájú rẹ̀.

"Málàm, na je, na dawo."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Mo rò ó fún un, ti ẹni tó pòṣé, ti ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí mi, ti ẹni tó bọ́ fìlà, n kò fo ọ̀kan. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ká tákàdá náà sí méjì, ó tì í sábẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bu fùrá fún mi.